Ọ̀pá Ike Olórí Búlúù

Fíììì.

Ìró náà kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Ó tínrín, ó gùn, kì í sì í dá. Bí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, kò ní gbọ́ ọ, àfi tí gbogbo ilé bá pa lọ́lọ́. Láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni ìró yìí ti wà létí ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Gééjì. Ó bá a rékọjá òkun, ó bá a kó ilé mẹ́ta, ó bá a fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Bí omi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé lórí iná nílé ìdáná, á yára dìde lọ pa iná náà, á ní òun ò fẹ́ kó gbẹ. Bí táyà kẹ̀kẹ́ aládùúgbò bá ń jò lẹ́bàá ọ̀nà, á ya sí òdìkejì títì. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ogbó ló ti wọ ọ́ létí. Kì í ṣe ogbó. Ìtìjú ni, ìtìjú sì máa ń gbọ́ràn ju etí lọ.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Ilé iṣẹ́ kan wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe, yàrá gígùn kan tí fèrèsé rẹ̀ ga ju orí èèyàn lọ, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì máa ń kún fún eérún ike àti irin bí irun tí wọ́n gé sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀yà ara ìbọn afẹ́fẹ́. Kì í ṣe ìbọn tí wọ́n fi ń pààyàn o. Ìbọn eré ìdárayá ni, tí wọ́n máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú bíi táyà, tó sì ń ta ọta wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà sára bébà tí wọ́n ya òbìrí sí. Gbogbo ọgbọ́n inú irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kò ju pé kí afẹ́fẹ́ dúró síbi tí wọ́n tì í mọ́ títí di ìgbà tí ayìnbọn bá ní kó jáde. Ohun tó ń tì í mọ́ yìí ni wọ́n ń pè ní ọmọ ìlẹ̀kùn. Ike kékeré kan ni, kò ju orí ìka ọmọdé lọ. Wọ́n á so ọ̀pá ike mọ́ ẹ̀rọ ìfárin, ẹ̀rọ á máa yí i, ọ̀bẹ á máa fá a, títí ọmọ ìlẹ̀kùn á fi bá ojú ihò rẹ̀ mu, tí kò ní fún jù, tí kò sì ní dẹ̀ jù.

Níbi ike yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí irin jẹ́ lánàá náà ló máa jẹ́ lọ́la. Ike ní ìwà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò sì fi orúkọ tó wà lára páálí pè wọ́n, ìwà wọn ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ. Náílọ̀n ni wọ́n ń pè ní Ọ̀mùtí, nítorí pé ó ń mu omi tó wà nínú afẹ́fẹ́. Tí òjò bá ti ń rọ̀, á wú, ohun tó wọlé wẹ́rẹ́ lánàá kò ní wọlé mọ́ lónìí. Èyí tó ń yọ̀ bí ọṣẹ ni Ọ̀lẹ. Kò sí nǹkan tó ń lẹ̀ mọ́ ọn lára, ṣùgbọ́n gbé ẹrù lé e kí o padà wá lọ́la, wàá bá a níbi tó tẹ́ sí. Ọmọ Ọba ní àwọ̀ bí ilẹ̀. Kò bẹ̀rù ooru, kò bẹ̀rù ẹrù, àmọ́ iye tí wọ́n ń tà á kò ṣeé sọ létí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò lágbára. Ẹni tí gbogbo wọn fẹ́ràn jù ni Pásítọ̀. Asẹ́táàlì ni wọ́n kọ sára ìwé rẹ̀. Ó le, ó ń fá kúnná, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mu ohunkóhun. Ṣáṣá, ọkùnrin tó ń to ìbọn pọ̀, ló sọ ọ́ lórúkọ yìí.

"Kì í mutí, kì í yí padà," Ṣáṣá wí. "Pásítọ̀ tòótọ́ ni mo ń wí o, kì í ṣe ti àdúgbò wa."

Wàhálà kan ló wà níbẹ̀. Bí Ọ̀mùtí àti Pásítọ̀ bá jẹ́ funfun, wọ́n jọra bí ìbejì. Ìdí tí Ìyá Sítọ́ọ̀ fi wà nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó Gééjì ni Ìyá Sítọ́ọ̀, òun ló sì mú Gééjì wọ ilé iṣẹ́ yẹn nígbà tí kò ríṣẹ́ ṣe. Obìnrin kúkúrú kan ni, oníwàásù díẹ̀, ẹlẹ́rìn-ín púpọ̀. Bí wọ́n bá ti kó ọ̀pá ike dé, á fá eérún díẹ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, á jù ú sínú ìgò omi tí ó ti da iyọ̀ sí títí iyọ̀ kò fi yòrò mọ́. Eérún Ọ̀mùtí á léfòó. Ti Pásítọ̀ á lọ sísàlẹ̀ gbinrin. Ìyá Sítọ́ọ̀ á ní, "Wò ó, ó ti kúnlẹ̀." Lẹ́yìn náà ni á kun orí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan: pupa fún Ọ̀mùtí, búlúù fún Pásítọ̀. Òfin kan ṣoṣo ló sì ní, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní gbogbo ilé iṣẹ́: láti ìdí ni kí wọ́n ti máa gé ọ̀pá, kí wọ́n má gé e láti orí láé, kí àwọ̀ lè wà lára èyí tó bá kù títí á fi tán.

"Ẹ jẹ ẹ́ láti ìdí," á máa wí. "Ẹni tó bá jẹ orí rẹ̀ ti jẹ orúkọ rẹ̀."

Gééjì ni tirẹ̀ ń fá ike lórí ẹ̀rọ. Ọwọ́ rẹ̀ dára, ó sì mọ̀ pé ó dára, ìyẹn gan-an ni àrùn rẹ̀. Nítorí ìwọ̀n ni wọ́n fi ń pè é ní Gééjì. Irin ìwọ̀n kì í kúrò ní àpò àyà rẹ̀. Ó ń wọn búrẹ́dì kó tó gé e kí ìdajì lè jẹ́ ìdajì. Ṣáṣá ní ọjọ́ tí Gééjì bá kú, á jí dìde wọn pósí, á ní wọ́n fi ìka méjì jẹ òun ní gbèsè. Ẹ̀rín á sọ. Gééjì náà á rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ á sì dùn, nítorí pé ìyìn ni gbogbo rẹ̀ létí tirẹ̀.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, ẹgbẹ́ ayìnbọn kan ní kí wọ́n ṣe ogójì ìbọn fún ìdíje. Ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹgbẹ́ náà tó gbé iṣẹ́ yìí wá, iṣẹ́ mìíràn kan ti gba ọwọ́ Gééjì, kẹ̀kẹ́ kékeré tí ilẹ̀kùn gíláàsì fi ń yí lọ yí bọ̀, ohun tí Ọ̀mùtí wúlò fún dáadáa. Ọ̀pá pupa tó mú jáde, ìdí rẹ̀ ti ya. Bó bá ṣe bó ṣe yẹ, á kọ́kọ́ gé ibi tó ya dànù, á tún ìdí náà ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Gééjì yí ọ̀pá náà padà, ó sì jẹ ẹ́ láti orí. Ó gé orí pupa náà bọ́, ó jábọ́ sínú àpótí ìdọ̀tí lábẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, èyí tí wọn kì í dà nù àfi tó bá kún, pẹlẹbẹ bíi kọ́ìnì. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó dá èyí tó kù padà sórí pèpéle, láì ní àwọ̀. Ó ní òun á sọ fún Ìyá Sítọ́ọ̀. Kò sọ. Nígbà tó yá, ó gbàgbé.

Ọmọ Ìyá Sítọ́ọ̀ ń ṣàìsàn nígbà yẹn, ọmọbìnrin ọdún mẹ́ta, ibà tó ń lọ tó ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ kì í sùn. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ ogójì ìbọn ń le, ó gba àyè lọ́wọ́ Ọ̀gá láti gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ sí ọwọ́ Gééjì.

"Àna mi, bí ẹ bá nílò ohunkóhun, ó wà ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ. Mo ti kun gbogbo wọn."

"Ẹ máa lọ, Àǹtí mi. Ọlọ́run á wò ó sàn."

Nígbà tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ogójì ọmọ ìlẹ̀kùn náà, ọ̀pá olórí búlúù ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Gééjì wọ sítọ́ọ̀, kò sí olórí búlúù mọ́ lórí pèpéle, ó rí ọ̀pá funfun kan tí kò ní àwọ̀. Kò rántí pé òun lòun gé orí rẹ̀. Ó gbé e, ó fi èékánná họ ọ́, ó kàn án mọ́ etí tábìlì. "Pásítọ̀ ni," ló wí fún ara rẹ̀. Ìgò omi iyọ̀ wà lójú fèrèsé. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni. Lẹ́yìn náà, ní gbogbo ọdún tó fi wà lókèèrè, ó máa ń rin ìgbésẹ̀ mẹ́ta yẹn nínú ọkàn rẹ̀, àtilọ àtibọ̀. Lọ́jọ́ náà kò rìn ín. Omi iyọ̀, lójú tirẹ̀, ti àwọn tí ọwọ́ wọn ò mọ nǹkan ni. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì Ìyá Sítọ́ọ̀ bọ inú agolo, ó kun orí ọ̀pá náà ní búlúù fínnífínní, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ò tẹ̀ lé òfin.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Ilẹ̀ gbẹ, afẹ́fẹ́ gbẹ. Ogójì ọmọ ìlẹ̀kùn jáde lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ọ̀kan tó fi ìwọ̀n irun kan yàtọ̀ sí èkejì. Wọ́n ri ìbọn sínú omi, kò sí ọ̀kan tó yọ ìfófòó. Ọ̀gá tẹ̀ ẹ́ léjìká. "Gééjì, o ò ṣì í rí."

Òjò dé ní ọjọ́ kẹtàdínlógún tí ẹgbẹ́ náà ti kó ìbọn wọn lọ. Ó rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, gbogbo ògiri ń làágùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdíje, ọkọ̀ ẹgbẹ́ ayìnbọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kó àpótí pákó méjì wọlé, wọ́n gbé wọn kalẹ̀ láàárín yàrá. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Níbi tí gbogbo wọn dákẹ́ sí yẹn ni wọ́n ti gbọ́ ọ, láti inú àpótí tí ìdérí rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀.

Fíììì.

Àwọn ọmọ ìlẹ̀kùn ti wú. Wọ́n há sínú ihò wọn, wọn ò lè padà lọ tì, afẹ́fẹ́ sì ń bá ẹ̀gbẹ́ wọn jáde. Ṣáṣá tú ọ̀kan, ó fi ẹ̀mú fa ọmọ ìlẹ̀kùn rẹ̀ yọ bí ẹni ń yọ eyín. Ọ̀gá gbà á, ó ní kí wọ́n gbé ìgò omi iyọ̀ wá.

Ìṣẹ́jú tí wọ́n fi lọ gbé ìgò wá ni Gééjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, bí ẹni ń so okùn bàtà. Kò mọ ohun tó ń wá. Ojú rẹ̀ bọ́ sínú àpótí ìdọ̀tí, ó sì rí i láàárín eérún: pẹlẹbẹ, roboto, pupa fòò. Nígbà náà ló tó rántí. Ó mú un, ó sọ ọ́ sí àpò.

Nígbà tó gbórí sókè, ọmọ ìlẹ̀kùn ti wà nínú omi, ó ń léfòó.

"Ọ̀mùtí," Ọ̀gá wí. Ó wọ sítọ́ọ̀, ó mú ọ̀pá tó kù jáde. Orí búlúù. Gbogbo ojú yí sí Ìyá Sítọ́ọ̀.

"Ọ̀gá, mi ò lè ṣe irú..." Ìyá Sítọ́ọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó wo ọ̀pá náà. Ó gbà á, ó yí i lọ yí i bọ̀, ó fi ọwọ́ pa ibi tí wọ́n kùn. Wọ́n rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń yí padà díẹ̀díẹ̀. "Àbí nígbà tí mi ò sùn yẹn ni? Ẹ̀rù ọmọ wà lára mi. Bóyá oorun ló gbé mi."

Ọ̀gá kọjú sí Gééjì. "Ìwọ lo gé e. Báyìí lo ṣe bá a?"

Orí pupa náà wà nínú àpò Gééjì, ó ń mọ̀ ọ́n lára itan bí ẹyin iná.

"Bí mo ṣe bá a nìyẹn, sà."

Gbólóhùn kan ni. Kò gùn ju ìyẹn lọ. Ìyá Sítọ́ọ̀ ló sì tún wá fi tirẹ̀ lé e, tó na ọwọ́ síwájú àna rẹ̀ bí ẹni ń dáàbò bo ọmọdé: "Ẹ má bá a wí o. Àna mi ò mọ nǹkan kan. Ohun tí mo kùn ló gé."

Nígbà tí Gééjì ń lọ sílé lọ́jọ́ náà, ó ju orí pupa sínú gọ́tà tí omi òjò ń gbá lọ.

Ọ̀gá ò lé Ìyá Sítọ́ọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀, tó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa di ẹrù. Látọjọ́ náà kò kun nǹkan kan mọ́. Nílé, bó bá ń se oúnjẹ, á nawọ́ abọ́ sí ẹni tó bá wà nítòsí: "Bá mi tọ́ ọ wò, ṣé iyọ̀ ni àbí ṣúgà?" Wọ́n máa ń fi rẹ́rìn-ín. Gééjì ò rẹ́rìn-ín rí. Lọ́dún kejì, òun àti ìyàwó rẹ̀ rìnrìn àjò. Ìwé tí Ọ̀gá kọ fún un láti fi wáṣẹ́ lókèèrè sọ pé ọkùnrin yìí kì í ṣì.

Ọdún ń gorí ọdún. Ọ̀gá kú. Ṣáṣá darúgbó, ó ń ṣọ́ ọmọ ọmọ. Ọmọ tí ibà ń ṣe nígbà náà sì wá dàgbà, ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, òun gan-an ló ń darí ilé iṣẹ́ náà báyìí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Gééjì jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé nílé rẹ̀ lókèèrè, fóònù dún. Ohùn tí ọmọ náà gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ ni, kíákíá bíi ti ìyá rẹ̀ látijọ́.

"Dádì, ẹ káàsán o. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ayìnbọn ti padà wá. Ọgọ́ta ọmọ ìlẹ̀kùn ni wọ́n fẹ́. Ẹni tó ń ta ike fún mi ní Ọ̀lẹ ni kí n mú, ó ní òun ló wà lóde. Mi ò gbà á gbọ́. Ọkùnrin yẹn, tí ẹ bá ní kó ta bàtà fún yín, ẹsẹ̀ kan ló máa kọ́kọ́ tà, ẹ ó padà wá ra ìkejì. Èwo ni kí n mú? Ọ̀rọ̀ kejì, Dádì, ti Màmá ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àwọn obìnrin méjì síṣẹ́, ike tí wọ́n mọ̀ kò ju báàfù ìfọṣọ lọ. Mo ní kí Màmá wá jókòó tì wọ́n, kí wọ́n kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń dá ike mọ̀. Màmá ní láé. Wọ́n ní ẹni tó ba ogójì ìbọn jẹ́ ò lẹ́nu láti kọ́ ẹnikẹ́ni. Ojú wọn sì ń lọ, Dádì. Dókítà ní kó tó pé ọdún, wọn ò ní lè mọ pupa yàtọ̀ sí búlúù mọ́. Ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Tiyín ni wọ́n ń gbọ́."

Gééjì tẹ́tí sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èsì, ìka rẹ̀ sì yá gan-an.

"Ọmọ mi, má mú Ọ̀lẹ. Á tẹ́ lábẹ́ afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀, ibi tó bá sì tẹ́ sí náà ló ti máa jò. Pásítọ̀ ni kí o mú."

"Má rò pé tí o bá mú dúdú o ti bọ́. Ọ̀mùtí dúdú wà. Ju eérún rẹ̀ sínú omi iyọ̀."

"Ọ̀bẹ tí ò tíì gé irin rí ni kí o lò. Má jẹ́ kí ike gbóná lẹ́nu ọ̀bẹ."

"Fá a dé ìdajì, kí o jẹ́ kó sinmi di ọjọ́ kejì kí o tó fá a parí. Ike tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ṣì ń bínú, ìwọ̀n tó bá fi hàn ọ́, irọ́ ni."

"Bí ẹgbẹ́ náà bá lówó, sọ fún wọn nípa Ọmọ Ọba."

Ó fi márààrún ránṣẹ́. Èsì dé kó tó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ kalẹ̀: "Ẹ ṣé gan-an, Dádì. Màmá ńkọ́?"

Ó da fóònù dojú bolẹ̀ lórí tábìlì.

Ní ọjọ́ kejì ó mú ọkàn le, ó pe Ìyá Sítọ́ọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu láti àárọ̀. Arúgbó náà gbé e, ẹ̀rín ló fi pàdé rẹ̀.

"Àna mi! Àna àtàtà! Ṣé ẹ ṣì ń wọn búrẹ́dì?"

"Mo ti jáwọ́ níbẹ̀, Àǹtí mi. Búrẹ́dì ibí yìí, gígé ni wọ́n ń gé e tà."

"Háà! Wọ́n ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gééjì wúkọ́. "Àǹtí, ọmọ yín bá mi sọ̀rọ̀ o. Lórí ọ̀rọ̀ ike yẹn. Ọ̀pá ọjọ́sí..."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ dá sí i." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Mo mọ ohun tí mo ṣe. Ẹ mọ ohun tí mo máa ń rántí? Gbogbo wọn ló sọ̀rọ̀ sí mi lọ́jọ́ yẹn. Ṣáṣá pàápàá, tí à ń ṣeré, ó ní kí n lọ ra gíláàsì ojú. Ẹ̀yin nìkan lẹ dákẹ́. Ẹ ò sọ ọ̀rọ̀ kankan tó dùn mí. Mo máa ń sọ ọ́ fún àbúrò mi pé ọkọ tó fẹ́ ní àánú."

Gééjì ní àwọn kan ń kan ilẹ̀kùn, ó ní òun á tún pè. Ẹnikẹ́ni ò kan ilẹ̀kùn.

Ìyàwó rẹ̀ wà ní pálọ̀, ó kó aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ sórí àga. "Ẹ bá mi di aṣọ ibùsùn yìí mú," ló wí. Iṣẹ́ tí wọ́n jọ máa ń ṣe ni. Gééjì di igun méjì mú, ìyàwó di igun méjì mú, wọ́n gbọ̀n ọ́n pọ̀.

"Kí ni Àǹtí sọ tí ojú yín fi rí báyìí?"

"Wọ́n ní mo ní àánú."

"Ṣé ìyẹn ló ń bà yín nínú jẹ́?"

Gééjì wo aṣọ funfun tó wà láàárín wọn. Ó sì sọ ọ́. Kò gùn bó ṣe rò. Ìdí ọ̀pá tó ya, orí tó gé, búrọ́ọ̀ṣì, gọ́tà. Nígbà tó débi "bí mo ṣe bá a nìyẹn, sà," ìyàwó rẹ̀ jọ̀wọ́ igun méjèèjì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, aṣọ náà sì balẹ̀.

Ọdún méjìdínlógójì ni wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ" ló sì máa ń fi bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"O jẹun nílé rẹ̀," ló wí. "Ní gbogbo ọdún yẹn kí á tó kúrò. Ó ń nawọ́ abọ́ sí ẹ pé kí o bá òun tọ́ iyọ̀ wò, o sì ń tọ́ ọ wò."

"Mo ń tọ́ ọ wò."

"O máa ń sọ fún un pé iyọ̀ ni."

"Iyọ̀ ni lóòótọ́."

"Mo mọ̀ pé iyọ̀ ni!" Ó jókòó sórí àwọn aṣọ náà láì kó wọn kúrò. "Èmi náà ń fi rẹ́rìn-ín. Mo ń fi ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀sín níṣojú ẹ, o ń wò mí."

Gééjì ò rí ibi fojú sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ tó wà nílẹ̀, òun nìkan, kò sì ká dáadáa.

"Ṣé kí n tún pè wọ́n?" ló béèrè nígbà tó yá. "Tàbí kí n fi ohùn ránṣẹ́, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

"Rárá. Bí o bá la ẹnu, wàá máa ṣàlàyé. Wàá ní iṣẹ́ pọ̀, wàá ní o gbàgbé, wàá máa sunkún, Àǹtí á sì máa bẹ̀ ẹ́ pé kí o má sunkún mọ́. Ẹni tó bá mọ Àǹtí mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn. Kọ ọ́."

"Wọn ò lè kàwé mọ́. Ọmọ ló máa kà á sí wọn létí."

"Kí ọmọ kà á."

"Ọmọ náà ń pè mí ní Dádì."

Ìyàwó rẹ̀ na fóònù sí i.

Gééjì jókòó sídìí tábìlì láti ọ̀sán títí oòrùn fi yà kúrò lójú fèrèsé. Ó kọ ọ́ gùn, ó pa á rẹ́. Ó kọ "nítorí pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ náà," ó rántí ohun tí ìyàwó rẹ̀ wí, ó pa á rẹ́. Ó kọ "ẹ dárí jì mí," ó rí i pé obìnrin náà máa dárí jì í kí wọ́n tó kà á tán, ìyẹn náà ó pa á rẹ́. Ó tún un kọ títí tó fi ku ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan. Nígbà náà ló tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀:

"Ọmọ mi, ka èyí sí Màmá létí bí mo ṣe kọ ọ́, má fo ọ̀kankan. Àǹtí mi, ọ̀pá ike tó ba ogójì ìbọn jẹ́, ẹ̀yin kọ́ lẹ kùn ún ní búlúù. Pupa lẹ kùn ún, ó sì tọ̀nà. Èmi ni mo jẹ ẹ́ láti orí, tí mo gé àwọ̀ yín dànù, tí mi ò sọ fún yín. Èmi ni mo kùn ún ní búlúù lọ́jọ́ tí ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, mi ò sì fi omi iyọ̀ wò ó. Mo rí orí pupa yẹn lábẹ́ ẹ̀rọ mi kí Ọ̀gá tó bi mí léèrè, mo fi í pamọ́ sí àpò. Mo mọ̀ nígbà tí mo ní bí mo ṣe bá a nìyẹn. Mo mọ̀ nígbà tí ẹ ń gbèjà mi. Dídákẹ́ tí mo dákẹ́, kì í ṣe àánú. Mo ti fi irú èyí kan náà ránṣẹ́ sí Ṣáṣá. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣì í."